Ọ̀rá Ara Wa àti Ẹni Tó Di Kọ́kọ́rọ́ Mú

A ò ní pẹ́, ìrẹsì ti ń tutù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá la fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú wa rò pé ẹrù lásán ni ọ̀rá ikùn àti ìbàdí. Rárá o. Bí àpótí ẹgbẹ́ wa ló rí: owó ń wọlé, owó ń jáde, akápò ló ni kọ́kọ́rọ́.

Tá a bá jẹun tán, ọ̀rá inú oúnjẹ á fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fatty acids. Ara á dì wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta bí ìdì ewédú, glycerol ni okùn tó so wọ́n, á wá kó wọn pamọ́ sínú ọ̀rá. Gíráàmù 1 ọ̀rá ní agbára kálórì 9. Ti sítáàṣì inú gàárì ò ju 4 lọ. Tá a bá sùn, tí oúnjẹ ti dà tán, ara á tú ìdì náà. Fatty acids á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn àti iṣan, glycerol á gba ẹ̀dọ̀ lọ.

Insulin ni akápò. Tó bá pọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, á ti ilẹ̀kùn. Tó bá dínkù, ilẹ̀kùn á ṣí díẹ̀. Bí ẹ̀rù bá sì bà wá, bí ìgbà tí àwọn káńsù ya wọ ọjà, adrenaline náà á ṣí i.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú wa dìde lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa ń gba abẹ́rẹ́ insulin nítorí àtọ̀gbẹ. Ẹnìkan sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ló ń mú un sanra, ló bá dá a dúró. Láìpẹ́, ó rù. Gbogbo wa la kí i! A ní, "O ti di sisí padà." Àṣé akápò ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, àpótí ń dà sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń sọ fatty acids tó ya dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ di ketones, ẹ̀jẹ̀ wá ń kan. Òùngbẹ, èébì, èémí tó ń sáré, ẹnu tó ń rùn bí èso tó pọ́n jù. A kọ́kọ́ ní ibà ni. Omi àti insulin ní ilé ìwòsàn ló dá a padà fún wa. Kí Frederick Banting àti Charles Best tó rí insulin yọ ní Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 1921, agbára káká ni irú rẹ̀ fi ń yè.

Nítorí náà, tí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ nínú wa bá rù lójijì, ẹ bi í bóyá ó ṣì ń gbà á, kẹ́ ẹ tó kí i kú oríire. Àbúrò wa yẹn ló jókòó níwájú yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́.