Ẹ Má Fi Eval Pe Orúkọ Nínú JavaScript

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe ojúewé owó ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ká ní línkì tí èèyàn tẹ̀ ló gbé orúkọ ìlú wá: bó bá jẹ́ Òwu, kí Olówu jáde. Ẹ má fi eval ṣe é o. Ohunkóhun tí olè bá kọ sínú línkì ni eval máa ṣe, owó wa sì lè bá a lọ.

Ẹ kó wọn sójú kan:

const oba = {"Aké": "Aláké", "Òkè-Ọnà": "Ọ̀ṣilẹ̀", "Gbágùúrá": "Àgùrá", "Òwu": "Olówu"};

Tí ilu bá jẹ́ "Òwu", oba[ilu] á mú Olówu wá. Àmọ́ oba.ilu ń wá ohun tó ń jẹ́ "ilu" gan-an ni. Òfo ló máa mú bọ̀.