"Jù" àti "Bá" nínú Gẹ̀ẹ́sì Ọmọ Yorùbá



Àṣìṣe méjì péré ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ wa. Èkíní jẹ mọ́ ìfiwéra. Ẹni tí ó dúró ní ibùdókọ̀ Òṣòdì yóò ní Ìkòyí jìnnà ju Ìsọlọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, jìnnà, kò yí padà rárá. Ju … lọ ni ó gbé ìfiwéra. Bákan náà ni Píjìn àwọn ọmọ-ẹ̀yìn-ọkọ̀ rí: far pass. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì a máa yí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ padà. Lójú tèmi, ọmọ tí ó gbọ́ better kà á sí "dára" lásán. Ó wá ohun tí yóò ṣe iṣẹ́ jù, ó sì wí pé more better. Kí olùkọ́ má tètè gbé pàṣán: Shakespeare pàápàá lo irú ìfiwéra oníbejì bẹ́ẹ̀ nínú Julius Caesar.

Èkejì ni ó díjú jù. "Ǹ bá lówó, ǹ bá ra mọ́tò." Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tí ó sọ èyí kò lówó. Ẹ kíyè sí i pé ǹ bá wà nínú awẹ́-gbólóhùn méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tọ ipa yìí yóò kọ ọ́ pé: If I would have money, I would buy a car. Kò ṣàìronú, gírámà èdè rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé. Had ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun tí ó ti kọjá, fún owó tí kò sí lọ́wọ́ lónìí! Ta ni yóò ti ara rẹ̀ mọ èyí, bí kò bá sí olùkọ́ tí yóò gbé èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún un?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n di ẹrù ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò lé e lórí. N kò gbà. Ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò Ifẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì.