Ìwé Ìròyìn, Òòlù àti Adájọ́

[Ìlù kékeré, kó rọlẹ̀ kí ohùn tó wọlé]

Ẹni tó bá kúrò ní Agbabu, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ọ̀nà ìlú Oǹdó kò jìn sí i mọ́. Ní ìlú Oǹdó yìí, ní oṣù Kejì ọdún 2017, àwọn èrò ṣùrù bo ọkùnrin kan, wọ́n sì lù ú pa. Ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́. Kò sí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ yẹn kí wọ́n tó pa á.

Ètò òní ń lọ sí Ùgáńdà, níbi tí irú ikú báyìí ti dé iwájú adájọ́.

Olùkọ́ ni David Kato. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkùnrin ló ń fẹ́, kò sẹ́ ẹ rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ìwé ìròyìn kan ní Kampala tó ń jẹ́ Rolling Stone (kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o) gbé orúkọ àti àwòrán àwọn tó pè ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n yẹgi fún wọn. Àwòrán Kato wà ní ojú ewé àkọ́kọ́.

Kato gba ilé ẹjọ́ lọ, òun àti àwọn méjì mìíràn. Wọ́n sì jàre: Adájọ́ Vincent Musoke-Kibuuka ní ìwé ìròyìn náà ti tẹ ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀, kó jáwọ́, kó sì san mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ owó ṣílè Ùgáńdà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2011 ni ìròyìn ìdájọ́ yẹn gbòde. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù yẹn kan náà, wọ́n ká Kato mọ́lé ní Mukono, wọ́n fi òòlù fọ́ ọ lórí. Ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ló kú sí.

Níbi ìsìnkú rẹ̀, àlùfáà tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò wàásù ìtùnú. Èébú ló dà lé àwọn ọ̀rẹ́ olóògbé lórí. Ariwo ta, àwọn ará abúlé kọ̀, wọn kò sin òkú náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé pósí dé ibojì. Ta ló ń bá òkú ṣọ̀tá?

Àwọn ọlọ́pàá ní ikú náà kò kan irú ẹni tó jẹ́, pé aáwọ̀ àárín ènìyàn méjì ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbà. Ẹni tí wọ́n ti kọ sínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n pa, tí wọ́n wá pa, kí ni wọn ì bá gbà gbọ́? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ilé ẹjọ́ gíga ní Mukono rán Sidney Nsubuga, ẹni tó pa Kato, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 30.

Ká padà sílé: ní Nàìjíríà, òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ra wọn bí ọkọ àti aya. Kò fún èrò ọ̀nà láṣẹ láti gbé igi. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn, ẹnikẹ́ni tí olóògbé ì báà jẹ́, ẹ̀sùn ìpànìyàn ni yóò jẹ́, ikú sì ni ìjìyà rẹ̀ nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa.