Kí Ni Òkè Oníná Kàn Wá?

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

 

Ọ̀rọ̀ kan wà níwájú ẹgbẹ́ yìí tí a kò tí ì fi ẹnu kò lé lórí. Ọmọbìnrin ìlú wa kan ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ láti inú owó ẹ̀kọ́ wa, kí ó lè ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí bí òkè oníná ṣe ń yí ojú ọjọ́ padà. Àwọn kan nínú wa ń béèrè pé òkè wo ní ìlú wa ni ó ń yọ iná, tí a ó fi ná owó lé e lórí. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn.

Òkè oníná ni òkè tí òkúta yíyọ́, eérú àti èéfín ń tú jáde nínú rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀kan kò jìnnà sí wa: Òkè Kamẹrúùnù tú iná ní 1999 àti ní 2000. Iná náà kì í rìn jìnnà, òjò a sì máa fọ eérú rẹ̀ sílẹ̀ láìpẹ́. Ohun tí ń rìn jìnnà ni èéfín imí-ọjọ́. Bí òkè bá bú gbàmù pẹ̀lú agbára ńlá, yóò ti èéfín yìí kọjá ibi tí ìkùukùu òjò ń dé, níbi tí òjò kò ti lè fọ̀ ọ́ nù. Níbẹ̀ ni yóò ti di ẹ̀kán kíkan kéékèèké, tí yóò tàn ká ojú ọ̀run fún ọdún kan tàbí méjì, tí yóò sì máa dá díẹ̀ nínú ìtànṣán oòrùn padà. Ó dà bí ẹni ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú fèrèsé: ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n ooru dín kù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1815, Òkè Tambora bú ní ilẹ̀ Indonéṣíà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, yìnyín bọ́ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà, èyí tí í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Irè oko bàjẹ́ ní Jámánì àti Switzerland, oúnjẹ sì wọ́n gógó. Àwọn tí ebi ń pa kò mọ̀ pé òkè kan ní òdìkejì ayé ni ó fà á.

Nígbà tí Òkè Pinatubo bú ní ilẹ̀ Filipínì ní oṣù kẹfà ọdún 1991, ìmọ̀ ti pọ̀ sí i. James Hansen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò, wọ́n sì sọ ọ́ ṣáájú pé ooru ayé yóò dín kù ní nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n Celsius. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí.

Kí ni èyí kàn wá? Òjò ilẹ̀ wa a máa tẹ̀lé ooru gòkè lọ sí àríwá lọ́dọọdún. Bí òkè kan ní ìhà àríwá ayé bá mú kí ìhà ọ̀hún tutù ju ìhà gúúsù lọ, òjò kì í gòkè tó bí ó ti yẹ. Òkè Katmai bú ní Alaska ní 1912. Ní 1913 ọ̀dá dé, ìyàn ńlá sì mú ní Òkè Ọya. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ní 2013 pé, nínú ìgbà òjò 4 tí ó gbẹ jù lọ ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà láti 1900 dé 2010, 3 ni ó tẹ̀lé bíbú òkè ńlá ní ìhà àríwá ayé. Kì í ṣe òkè nìkan ni ó ń fa ọ̀dá. Ooru omi òkun náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkè Ọya ni ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti màlúù ti ń wá sí ọjà wa. Àwọn baba wa ní, ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ọ̀dá náà ní baba. Ọ̀nà rẹ̀ ni ó jìn.

Iṣẹ́ irú ọmọ yìí ni láti wá ọ̀nà náà rí. Àwọn onímọ̀ ń gbẹ́ yìnyín àtọdúnmọ́dún ní Gíríńláǹdì àti Antarctica, wọ́n sì ń rí àmì imí-ọjọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Wọ́n ń ka ìlà inú igi, wọ́n sì ń fi í wé àkọsílẹ̀ òjò. Bí a bá mọ̀ ní ọdún tí òkè bú pé ọ̀dá lè tẹ̀lé e, a lè tọ́jú oúnjẹ pa mọ́ kí ebi tó dé. Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí a ran ọmọ náà lọ́wọ́.

Ohun kan kù tí kò ní ná wa ní owó púpọ̀. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlú wa ní ohun ìwọn òjò kan àti ìwé kan, kí àwọn ọmọ sì máa kọ iye òjò tí ó rọ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Láìsí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa méfò nípa òjò orí oko wa.

Kí Ọlọ́run kí ó máa rọ òjò ìbùkún sórí ìlú wa.