Ẹ Má Lé Ọmọ Kúrò Nídìí Ìṣirò

Ẹ̀yin ará Yàgbà, ìṣọ̀kan lẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, òun ni n ó sọ.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi: mo máa ń ṣírò ọ̀nà tí ọkọ̀ òfúrufú yóò gbà dé ọ̀dọ̀ asteroid, àwọn òkúta ràbàtà tó ń yí òòrùn po. Ọdẹ tó bá yìnbọn síbi tí ẹran tó ń sáré wà, òfo ni yóò bá. Iwájú ẹran là á yìn ín sí; bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń darí ọkọ̀ síbi tí asteroid ń bọ̀. Oṣù kẹsàn-án 2007 ni NASA rán ọkọ̀ Dawn jáde. Nínú àwọn òkúta yẹn, ó yà ní Vesta ní 2011, ó sì dé Ceres ní oṣù kẹta 2015. Wọ́n rí kòtò kan níbẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 10, omi dídì wà lójú ilẹ̀ rẹ̀. Oxo ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ òrìṣà àgbẹ̀ tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Bràsíl.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Òrìṣà wa ti dé Ceres, ẹ̀yin ń lé ọmọ kúrò nídìí ìṣirò tó gbé ọkọ̀ débẹ̀!

Níbi ìkómọ kan, bàbá kan fà mí sí kọ̀rọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá ọmọbìnrin yìí wí. Ó ní ìmọ̀ ojú ọ̀run lòun máa kà. Ẹ ní kó lọ ṣe dókítà.” Èmi ló wá rán níṣẹ́ yẹn! Mo ní kí ọmọ náà mú ìwé rẹ̀ wá. Ó ti fi bí Ceres ṣe jìnnà sí òòrùn ṣírò pé ọdún 4.6 ló fi ń yí i po, ó sì fa ìlà pupa sábẹ́ ìdáhùn. Ìdáhùn náà tọ̀nà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ ní kí n dá padà?

Ẹni tó dìde lọ́dún tó kọjá tó sọ pé sáyẹ́ǹsì kì í bọ́ ènìyàn, mo rí yín níbẹ̀ yẹn. Fóònù tó júwe ọ̀nà fún yín wá síbí, ẹnu sátẹ́láìtì ló ti gbọ́ ọ. Ìṣirò kan náà tó gbé ọkọ̀ dé Ceres ló gbé sátẹ́láìtì náà síbi tó wà.

Ní 2017, sátẹ́láìtì kékeré NigeriaEduSat-1 ti FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, gòkè lọ sí òfúrufú. Ṣé Àkúrẹ́ jìnnà sí Yàgbà ni? Ẹ ń ra aṣọ ẹbí lọ́dọọdún, ẹ ń náwó fún olórin, tó bá wá kan olùkọ́, ẹ ní kò sówó. Ó ti sú mi! Owó aṣọ ọdún tó ń bọ̀, ẹ fi gba olùkọ́ ìṣirò àti ti físíìsì sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ẹ̀júkù, kí owó oṣù wọn má yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí a dìbò sí i kí oúnjẹ tó dé.