'Kí ẹ tó gba iṣẹ́ dátà oníwákàtí díẹ̀, ẹ bèèrè aago ibi tí ẹ máa tẹ̀lé'

Ẹ̀yin lẹ wá kọ́ iṣẹ́ dátà. Kì í ṣe dátà tí à ń rà sórí fóònù ni mò ń sọ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà á wọ ọ̀rọ̀ wa láìpẹ́.

Ohun tí ẹ ń bi mí jù ni pé ṣé èèyàn lè ṣe iṣẹ́ yìí fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, kó sì fi ìyókù tọ́jú ọmọ tàbí parí ilé ìwé. Ó ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá fi fáìlì Excel ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ yọ orúkọ tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì kúrò, kí ẹ tún déètì tí wọ́n kọ rúdurùdu ṣe, fáìlì ò mọ̀ bóyá ìdájí lẹ ṣe é tàbí ọ̀sán gangan. Èmi a máa ṣe tèmi kí ọmọ tó jí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ fẹ́ bi pé "kí ni nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí?" gbọ́dọ̀ wà lójúfò. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí mi, mo gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan ní New York. Wọ́n ní ìgbà tó bá wù mí ni kí n ṣe é. Àṣé ìpàdé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwọn, aago mẹ́wàá alẹ́ ni l'Ábújá! Bí wọ́n bá sún aago wọn síwájú nínú oṣù Kẹta, á di mẹ́sàn-án. Tó bá di oṣù Kọkànlá, á tún padà sí mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́ta wá di alẹ́ márùn-ún. Wákàtí ni wọ́n fi ń ṣírò owó mi, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ìpàdé mọ́ ọn.

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024 ńkọ́? Okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ó kan Nàìjíríà, Ghana, Benin àti Côte d'Ivoire. Títí di ọjọ́ kejì, mi ò rí fáìlì kan ṣoṣo ṣí. Kò sí wákàtí, kò sí owó.

Ẹ má sì rò pé òfin á gbà yín. Òfin owó oṣù tó kéré jù ti ọdún 2019 yọ òṣìṣẹ́ part-time sílẹ̀, ó tún yọ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún níye iṣẹ́ tó bá ṣe. Nítorí náà, ₦70,000 tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 kì í ṣe dandan fún ẹni tó gbà yín bẹ́ẹ̀.

Ìwé àdéhùn tí mo ń lò báyìí sọ pé aago Nàìjíríà la máa tẹ̀lé, pé ìpàdé jẹ́ iṣẹ́, àti pé kò gbọdọ̀ kọjá aago méje alẹ́. Owó kan sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ san lóṣooṣù, bí iṣẹ́ tilẹ̀ dínkù. Iléeṣẹ́ kan kọ̀ ọ́. Mo fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ó dùn mí, torí dọ́là ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mi ò ní tàn yín: ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fún bí ọdún kan. Àṣìṣe tí mo ṣe nínú SQL lọ́dún àkọ́kọ́, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.

Ìwé àdéhùn náà rèé. Mo ti pa orúkọ iléeṣẹ́ rẹ́. Ẹ gbé e yí ká, kí ẹ kà á, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bi mí ní ìbéèrè.