Gbígbé Iṣẹ́ Ọwọ́ Ilé Lọ Síbi Àfihàn

Ọ̀rọ̀ tí olóòtú ní kí n bá yín sọ lálẹ́ yìí kò ju ìbéèrè kan lọ: kí ni ó fà á tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ dájú, tí ó ń ṣe é nínú ilé fún ìlò ara rẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀, fi máa ń lọ́ra láti gbé e lọ síbi tí a ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà, kí àwọn adájọ́ wò ó, kí wọ́n sì sọ ipò tí ó wà? Èrò tèmi ni pé ìlọ́ra yìí ń mú wa pàdánù owó, ó sì ń mú wa pàdánù orúkọ. Ti orúkọ yẹn ni ó sì dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi àdúgbò Òkè-Àdó níhìn-ín ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá dárúkọ Òkè-Àdó, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ènìyàn lọ́kàn ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune ní òpópónà Imálẹ̀fàlàfíà, tàbí pápá ìṣeré ńlá tí a ṣí ní 1960, tí wọ́n pè ní Liberty, tí wọ́n sì wá fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè ní 2010. Àwọn àgbà a sì máa rántí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger na Gene Fullmer níbẹ̀ títí ìyẹn kò fi lè jáde fún ìpele kẹjọ. Ohun tí ojú títì ń fi hàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ inú àgbàlá lọ, ẹ ó bá obìnrin tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àpò, ẹ ó bá òmíràn tí ń fi abẹ́rẹ́ àti ìko di aṣọ fún aró, ẹ ó sì bá bàbá arúgbó tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń fi ọ̀bẹ kékeré fín igbá nítorí pé ara rẹ̀ kò gbà á láti jókòó lásán. Bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá dé, wọn a mú díẹ̀ lọ, a ó lù ú ní gbàǹjo, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù a sì gbé e lọ sílé. Ó dára, owó wọ ilé Ọlọ́run. Síbẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni tí ó sọ fún obìnrin náà bóyá ìdì rẹ̀ le tó, tàbí bóyá aró rẹ̀ mu dáadáa.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú àfihàn tí mo ń wí yìí. Elkanah Watson ni orúkọ ọkùnrin náà. Ní 1807 ó kó àgùntàn méjì tí irun wọn dára wá sí gbàgede ìlú Pittsfield kí gbogbo ènìyàn lè wò wọ́n. Nígbà tí ó rí i bí èrò ti rọ́ wá, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1811, wọ́n sì ń pàtẹ lọ́dọọdún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀bùn kún un fún àwọn obìnrin tí ó hun aṣọ nílé. Títí di òní olónìí, ní àwọn àgbègbè ibẹ̀, ìyá àgbà tí ó rán aṣọ ìbora á gbé e lọ sínú ilé ìpàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n so màlúù sí. Bí ó bá gba ipò kìíní, wọn á so ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn. Aṣọ pélébé lásán ni ríbọ́ọ̀nù yìí, owó tí ó sì ń bá a rìn kì í sábà tó nǹkan. Síbẹ̀ ẹni tí ó gbà á á gbé e kọ́ sára ògiri títí tí yóò fi kú.

Kì í ṣe pé àwa kò ní irú rẹ̀. Láti 1970 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà tí àwọn ìpínlẹ̀ ń kó iṣẹ́ wọn wá sí, gbogbo wa ni a sì mọ̀ nípa FESTAC tí ó kó ènìyàn dúdú àgbáyé jọ sí Èkó ní 1977. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ àfihàn tiwọn. Kì í ṣe àìsí ibi ìpàtẹ ni wàhálà wa. Bí a ti ń lọ síbẹ̀ gan-an ni. Iṣẹ́ ń lọ, ẹni tí ó ṣe é ń jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ fún yín, nítorí pé òun ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù. Ní bíi ọdún 1910 sí 1914, Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní kí wọ́n gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ààfin òun. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gba iṣẹ́ náà ni Olówè, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tí ó ń gbé ní Ìsẹ̀. Ó gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n gbé sínú ibùsùn ìgbéra, tí àwọn ènìyàn rù lọ sọ́dọ̀ ọba. Ó gbẹ́ àwọn ère náà débi pé wọ́n yọ síta kúrò lára pákó bí ẹni pé wọ́n fẹ́ rìn lọ. Ní 1924, wọ́n kó ìlẹ̀kùn yìí lọ sí Wembley ní London, níbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i, ó wù wọ́n, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn sì ṣe pàṣípààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, ìlẹ̀kùn náà sì wà lọ́hùn-ún títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹlòmíràn yóò ní a rẹ́ ọba jẹ. N kò ní bá a jiyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn bí ọba ti kọ owó tí ó sì béèrè ìtẹ́. Ti Olówè ni mo ń rò. Iṣẹ́ rẹ̀ wọ ibi ìpàtẹ tí ó tóbi jù lọ láyé nígbà náà, ó sì borí lójú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wò. Orúkọ ta ni ó wà lẹ́nu àwọn òǹwòran? Orúkọ ìlú, orúkọ ọba, orúkọ ìjọba. Ó di 1944 kí àpilẹ̀kọ kan tó jáde nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nigeria, Olówè sì ti kú láti 1938. Ká ní ìwé pélébé kan bá ìlẹ̀kùn yẹn rin ìrìn àjò, tí a kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré sí, ọ̀ràn ì bá yàtọ̀.

Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà. Àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Mápó di ṣíṣí ní 1929, nítorí náà a mọ̀ pé àwòrán náà kò lè dàgbà ju ìgbà náà lọ. Obìnrin ni ó kọ́kọ́ fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwọn òpó yẹn sórí aṣọ, ní ìlú yìí. Ẹ bá mi wá orúkọ rẹ̀ lára aṣọ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa, bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ síbi àfihàn, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ orúkọ yín, àdúgbò yín, ọdún tí ẹ ṣe é, àti ohun tí ẹ fi ṣe é. Bí ọwọ́ yín kò bá mọ ìwé kọ, kí ọmọ bá yín kọ ọ́, kí ẹ sì rán an mọ́ ọn, kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí atẹ́gùn lè gbé lọ.

Mo ti bá wọn jókòó sídìí tábìlì adájọ́ nígbà mélòó kan, mo sì lè sọ ohun tí ojú wa ń wá. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀yìn aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ojú kan ṣoṣo ni a ń ta ẹ̀kọ láfún sí, nítorí náà àwòrán a máa hàn lójú aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aró pátápátá. Àdìrẹ oníko kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a dì kò mu aró níwájú àti lẹ́yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè, máa ń tú àṣírí ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a ṣá bí aṣọ tí òjò pa. Lẹ́yìn èyí mo máa ń wo ìlà: ṣé ọwọ́ tí ó fa ìyẹ́ náà gbọ̀n? Ṣé ó sinmi níbi tí ó yẹ? Èlú tòótọ́ ni o, tàbí aró inú agolo? Aró inú agolo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí a wí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé pélébé náà. Ẹni tí ó gún ewé èlú, tí ó sẹ́ omi eérú, tí ó dúró ọjọ́ púpọ̀ kí ìkòkò aró tó gbó, kò yẹ kí a da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹni tí ó da ìyẹ̀fun sínú omi gbígbóná.

Aṣọ òfì ńkọ́? Ojú ìránpọ̀ ni. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun, bí ọnà ara ọ̀já kan kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ti èkejì, a ó rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ìkòkò, a ó fi ìka gbá a, a ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tí ó ti sán níkọ̀kọ̀ a máa dún bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Apẹ̀rẹ̀, a ó gbé e sórí tábìlì títẹ́jú kí a wò ó bóyá ó ń mì. Ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n.

Olóòtú wa bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé, ṣé kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù kí a má jí ọgbọ́n wọn? Òótọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí, nítorí pé ilé oníṣẹ́ ọnà láyé àtijọ́ kì í fi àṣírí iṣẹ́ han àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ìbàdàndùn tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣe àfarawé rẹ̀ káàkiri láìsí àfihàn kankan. Ọjà lásán ni wọ́n ti rí i. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àfihàn pẹ̀lú orúkọ àti ọdún ni ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ bí àríyànjiyàn bá dé. Ẹni tí ó fi tirẹ̀ pamọ́ sínú àpótí kò ní nǹkan kan.

Àìrìn jìnnà sì ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ladi Kwali, amọ̀kòkò ilẹ̀ Gwari, ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ obìnrin ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ìkòkò rẹ̀ tí ó wà láàfin Ẹ́míà Àbújà àtijọ́ ni Michael Cardew rí ní 1950, òun ni ó sì mú obìnrin náà dé ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò, tí iṣẹ́ rẹ̀ fi dé ibi ìpàtẹ ní London. Lónìí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà tí ẹ fi ń ra nǹkan. Ní Òṣogbo, lẹ́yìn tí Dúró Ládípọ̀ ṣí Mbari Mbayo ní 1962, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jó fún oníṣòwò oògùn wọ ibẹ̀ ní 1964 láti jó, kò sì bá wọn lọ mọ́. Twins Seven Seven ni.

Ohun kan ni mo fẹ́ bá àwọn tí ń ṣètò àfihàn sọ. Mo wà níbi kan rí tí wọ́n fi ẹ̀bùn kìíní fún àpò tí a rà lọ́jà, nítorí pé ẹni tí ó gbé e wá jẹ́ ẹni ńlá. Obìnrin tí ó ṣe àpò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ká a, ó fi sábẹ́ apá, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. N kò rí i níbi àfihàn kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a yọ orúkọ kúrò lójú àwọn adájọ́ kí wọ́n tó wo iṣẹ́, kí a fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, kí a sì dá orúkọ padà sára rẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ kí gbogbo èrò lè kà á. Kí a sì sọ fún ẹni tí kò gba ipò ìdí tí kò fi gbà á, ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tí a kọ sílẹ̀. Èyí wúlò fún un ju ìpàtẹ́wọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ wá, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé a gba nǹkan lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bóyá ẹ ó tà á tàbí ẹ kò ní tà á, àti iye rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó ìpàtẹ nílẹ̀, ẹ tètè lọ, ẹ má ṣe rán ẹlòmíràn.